Aláró Ìjemọ̀ àti Àwọn Àgùfọn Ọdẹ́dá

Kí ọ̀rọ̀ àgùfọn tó wọ inú ayé rẹ̀, ẹyẹ tí Sìlífátù mọ̀ kò ju adìẹ lọ: èyí tí ń jẹ àgbàdo rẹ̀, àti èyí tí òun náà ń jẹ. Aláró ni, ní Ìjemọ̀ ní Abẹ́òkúta, ní agbo ilé ọkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Sàlàhúdíìnì ọkọ rẹ̀ máa ń kó obì lọ sí Òkè Ọya, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Láwàlì, àkọ́bí rẹ̀, ti bá tirẹ̀ lọ sí Èkó. Nítorí náà, bí ohùn bá ń jáde nínú ilé yẹn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ohùn Sìlífátù ni. Ó máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀, ó máa ń bá aṣọ jà, ó sì máa ń fi orúkọ àwọn tó ni ewúrẹ́ àdúgbò bú àwọn ewúrẹ́ náà. Ojúọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà jẹ́ aláró, tí ògiri ilé àwọn méjèèjì fara kanra, ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé lọ́jọ́ tí wọn kò bá gbọ́ ohùn Ìyá Láwàlì mọ́, kí wọ́n lọ gbẹ́ ilẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Aró ti wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọṣẹ kò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó Àsíátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó kun làálì sọ́wọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Làálì náà kò hàn.

Ní ìgbà òjò ọdún 1982, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Olújìmí wọ agbo ilé náà. Ọ̀dọ́ ni, onírùngbọ̀n, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń mójú tó igbó àti ẹran inú rẹ̀.

“Àrẹ̀dú o, Mà,” ni ó wí, nítorí ẹnìkan ti kọ́ ọ bí a ti ń kí aláró.

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Aṣọ kí lẹ fẹ́?”

“Aṣọ ẹyẹ ni.”

Sìlífátù wo Ojúọlá. Ojúọlá wolẹ̀.

“Ẹyẹ náà fẹ́ gbéyàwó ni?”

“Rárá, Mà. Èmi ni n óò wọ̀ ọ́, kí ẹyẹ náà lè rò pé èmi ni ìyá òun.”

“Ìyá Mọ́níkẹ́,” Sìlífátù pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, “ṣé o gbọ́? Onírùngbọ̀n fẹ́ ṣe ìyá ẹyẹ.”

Olújìmí dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán, ó wá ṣàlàyé. Àgùfọn ni ẹyẹ náà, ọlọ́rùn gígùn, tí irun aláwọ̀ wúrà dúró ní àtàrí rẹ̀ bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òkè. Láyé àtijọ́, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú ní Òkè Ọya, agbo wọn a fò wá sí àbàtà tó wà lẹ́yìn Ọdẹ́dá. Wọn a jẹ tata àti ekòló níbẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé, wọn a sì padà síbi tí wọ́n ti wá. Ìbọn, iná igbó, àti àwọn tí ń jí ọmọ wọn tà ti sọ wọ́n di díẹ̀. Ní ọdún mìíràn, mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń dé. Ní ọdún mìíràn, ẹyọ kan kò dé. Olújìmí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ gba ẹyin lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá Òkè Ọya tí ń sin àgùfọn nínú ọgbà wọn, wọ́n sì ń tọ́ àwọn ọmọ náà ní Ọdẹ́dá kí wọ́n lè tú wọn sílẹ̀ sáàárín àwọn ti inú igbó.

Ìṣòro wọn ni pé ohun tí ọmọ àgùfọn bá kọ́kọ́ rí tó fún un lóúnjẹ, òun ló ń mú ní ìyá. Bí ó bá rí ojú ènìyàn, ọ̀dọ̀ ènìyàn ni yóò máa sá wá títí ayé, ẹyẹ tó bá sì ń sá wá bá ènìyàn, inú ọbẹ̀ ni ìrìn àjò rẹ̀ ń parí sí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fún wọn lóúnjẹ gbọ́dọ̀ fi aṣọ bo ara láti orí dé ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Aṣọ aláwọ̀ eérú kan tí wọ́n rà ní Òkè-Ìléwó ń dún bí bébà bí wọ́n bá ti ń rìn. Àwọn ọmọ ẹyẹ náà ń sá fún un.

Ó mú ìyẹ́ kan jáde nínú àpò. Sìlífátù gbà á, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kíjìpá kan tó ń kán omi lórí ìkòkò.

“Ó kù díẹ̀ kó tó o,” ó wí. “N óò tún un rẹ.”

Ó rẹ kíjìpá náà, ó sá a, ó tún un rẹ, títí ẹnikẹ́ni kò fi lè fi ojú ya ìyẹ́ náà sọ́tọ̀ lára rẹ̀. Olújìmí yọ̀. Bí ó ti fẹ́ máa lọ ni ó rí ọwọ́ Sìlífátù, ó sì dúró tí ó ń wò ó.

“Ọ̀gá, ọwọ́ mi kò sí lára ọjà,” Sìlífátù wí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ni ó fẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wọ ìbọ̀wọ́, ekòló sì ń yọ̀ bọ́ nínú ìbọ̀wọ́ kó tó dé ẹnu ẹyẹ; ọwọ́ tirẹ̀ dúdú bí ìyẹ́ láìwọ ìbọ̀wọ́. Báyìí ni Sìlífátù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ lọ sí Ọdẹ́dá ní ìdájí, kí ó tó padà wá sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ọmọ àgùfọn mẹ́ta ló wà nínú ọgbà wáyà níbẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti inú ẹyin jáde sínú ọkọ̀, lọ́nà Ọdẹ́dá, kí wọ́n tó gbé e délé. Lọ́jọ́ tí Sìlífátù gbọ́ èyí, ó pè é ní Abíọ́nà nínú ọkàn rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Ojúọlá, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo Ìjemọ̀ gbọ́.

Dídákẹ́ ló kọ́kọ́ le fún un. Ojúọlá kò jẹ́ kó gbádùn. “Ìyá Láwàlì ti di eégún! Bí obìnrin bá mọ awo, kò gbọdọ̀ wí. Wọ́n ti mú ọ wọ awo, àbí wọn ò mú ọ?”

“Wọ́n mú mi. Ẹnu ń yún mi.”

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Yóò wọ inú kíjìpá náà, ihò kékeré méjì lójú, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì máa fi ọ̀nà han àwọn ọmọ náà nínú koríko tútù. Yóò fi ìka gbẹ́ ilẹ̀, wọn yóò fi ẹnu gbẹ́ ẹ. Bí ó bá tẹrí ba, wọn a tẹrí ba. Abíọ́nà kì í jẹun títí yóò fi tẹrí ba fún un lẹ́ẹ̀kan, kí Sìlífátù náà sì tẹrí ba dá a lóhùn. Àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò kí i dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n ti ń fò. Wọ́n ṣí ọgbà náà sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí rédíò ń sọ pé kí àwọn ará Gánà kó ẹrù wọn máa lọ. Ojúọlá ní, “Wọ́n ń lé ará Gánà, ẹ̀yin ń gba àlejò láti Òkè Ọya. Ẹ kú ìlú ṣíṣe.” Àgùfọn márùn-ún ti inú igbó ti bà sí àbàtà náà. Kò pẹ́ tí àwọn mẹ́ta ti inú ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jẹ̀, tí wọ́n sì ń sùn sáàárín wọn. Olújìmí wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Sìlífátù. Iṣẹ́ parí, ó kù kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kí ẹyẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ padà lọ sí òkè, kí àwọn ọmọ lè mọ ọ̀nà. Sìlífátù padà sídìí ìkòkò rẹ̀ pátápátá.

Ní oṣù kẹta, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn aláró sá aṣọ sórí àpáta lẹ́yìn ilé bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ojúọlá ló kígbe. Àgùfọn mẹ́ta dúró láàárín àwọn aṣọ náà.

Àdúgbò tú jáde. Àwọn kan ní àlùbáríkà ni, wọ́n da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn. Sìlífátù jáde pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó kéré jù nínú àwọn ẹyẹ náà sì là àwọn ènìyàn kọjá wá síwájú rẹ̀, ó tẹrí ba. Sìlífátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìyá àgùfọn!” ni wọ́n ń kí i. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ẹyẹ náà tún wá. Ó ránṣẹ́ sí Olújìmí kó wá bá òun yọ̀.

Nígbà tí Olújìmí dé, kò yọ̀. Ó dúró lórí àpáta náà, ó ń wo bí àwọn ẹyẹ náà ti ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ kan dé ẹ̀gbẹ́ èkejì, bí ọmọ tí ń wá ìyá rẹ̀ lọ́jà.

“Ìyá Láwàlì,” ó wí, “ìkòkò tí ẹ ti rẹ aṣọ ìyẹn ńkọ́, ṣé nínú rẹ̀ náà lẹ ti rẹ àwọn wọ̀nyí?”

“Aró wo tún ni mo ní?”

“A ti ṣì í ṣe. A fi ojú ènìyàn pamọ́ fún wọn, a wá fi aṣọ aró hàn wọ́n. Ní Abẹ́òkúta! Obìnrin wo ni kò ní aṣọ aró nínú ìlú yìí? Gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ni ìyá wọn báyìí.”

“Ẹ má di ẹ̀bi ru aró mi o,” Sìlífátù dáhùn. “Àgbàdo ni wọ́n ń bá bọ̀. Ebi kì í mọ àwọ̀ aṣọ.”

Sìlífátù fi ìbínú gbá gbogbo àgbàdo náà kúrò. Ó ká àwọn aṣọ, ó wá tẹ́ ẹyọ kíjìpá kan sórí òkúta tó jìnnà, níbi tí kò sí oúnjẹ kankan. Àwọn ẹyẹ náà rìn tọ̀ ọ́ lọ. Ó gbé e lọ síbòmíràn, wọ́n tẹ̀ lé e. Ó ká kíjìpá náà, ó wọlé, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ojúọlá wá wò ó lẹ́nu ọ̀nà ní tòótọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹnìkan ju àpò bo ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Ẹyẹ náà bọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ́ rẹ̀ kún ilẹ̀. Ojú ọ̀run sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú fún òjò. Ọ̀gá Olújìmí, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, ti sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀: bí àwọn ti inú igbó bá lọ tán, tí àwọn mẹ́ta yìí ṣì ń gbé ìgboro, òun yóò fi àwọ̀n kó wọn sínú ilé wáyà níwájú ọ́fíìsì ní Òkè-Ìléwó, ibẹ̀ ni wọn yóò sì wà títí ikú.

Olújìmí tún padà wá bá àwọn aláró. Ó ní ọ̀nà kan ló kù. Kí gbogbo wọn wọ aṣọ aró, kí wọ́n sì lé àwọn ẹyẹ náà, kí aṣọ náà di ohun ẹ̀rù.

“Ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú, Ìyá Láwàlì. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa sá wá.”

“Kí n na ọmọ tí mo fọwọ́ bọ́?”

“Ìwọ tí o na Láwàlì títí ó fi sá lọ sí Èkó,” ni Ojúọlá wí.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Sìlífátù. “Láwàlì mọ ohun tó ṣe,” ó wí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jáde. Wọ́n ń lu agolo àti àwo irin, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń fi aṣọ tútù na afẹ́fẹ́ tó ń dún pàà. Méjì nínú àwọn ẹyẹ náà gbéra, wọ́n gba ọ̀nà Ọdẹ́dá lọ, wọn kò sì padà mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo náà pọ̀, Abíọ́nà sá wá sábẹ́ apá Sìlífátù, ó fi orí rẹ̀ pamọ́ sínú aṣọ tí ó ń fì. Sìlífátù kò fì í mọ́. Àwọn obìnrin náà sọ agolo wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojúọlá ló sọ pé kí wọ́n lọ sinmi.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó fọ gbogbo eruku orí páànù sílẹ̀. Ní àárọ̀, ìròyìn dé láti Ọdẹ́dá pé àwọn márùn-ún ti inú igbó ti gbéra, àti pé àwọn méjì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ṣì ń rí wọn lókè réré, wọ́n ń yípo, wọ́n ń kọrí sí òkè. Abíọ́nà nìkan ló dúró lórí àpáta, láàárín àwọn ibi tí aṣọ máa ń wà.

Ọkọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Theophilus ti dé kí oòrùn tó yọ dáadáa. Àgò onígi wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ọkùnrin méjì sì mú àwọ̀n dání. Bí wọ́n ti gun àpáta náà ni ẹyẹ náà fò lọ sí orí rẹ̀ pátápátá. Wọ́n yí i ká, ó tún fò. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus nu ojú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ fún Sìlífátù.

“Màmá, ẹ ṣàánú wa. Ẹ̀yin nìkan ni kò sá fún. Ẹ da aṣọ bò ó, ọ̀rọ̀ parí. A óò máa bọ́ ọ. Ìbọn kò ní bà á, iná kò ní jó o. Bí ẹ bá kírun Jímọ̀ tán, ẹ máa yà wá kí i.”

“Mú un, Ìyá Láwàlì,” ni Ojúọlá wí ní ohùn pẹ̀lẹ́. “Ẹyẹ kan ṣoṣo. Níbo ló fẹ́ lọ?”

Sìlífátù wo Olújìmí. Olújìmí wo ilẹ̀.

Sìlífátù mú kíjìpá kan tó ṣì tutù lórí okùn, ó gun àpáta náà. Ó ní òun fẹ́ mú un. Bí ó ti sọ ọ́ lẹ́yìn náà nìyẹn, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni: títí òun fi dé òkè, òun fẹ́ mú un lọ sí Òkè-Ìléwó, kí òun máa rí i. Ẹyẹ náà rí i tó ń bọ̀, ó tẹrí ba. Ó dúró kí ó dá òun lóhùn.

Sìlífátù gbé aṣọ náà sókè, ó sì lù ú.

Kì í ṣe fífì lásán. Aṣọ náà bà á ní ẹ̀yìn, ó ṣubú lórí ẹsẹ̀ kan, ó dìde. Ó tún tẹrí ba, kíákíá, bí ẹni tó rò pé òun kò ṣe é dáadáa lákọ̀ọ́kọ́. Sìlífátù tún lù ú. Ó kígbe mọ́ ọn, ohùn tí kò jẹ́ kó gbọ́ rí nínú ọgbà wáyà: “Kúrò níbí! Tẹ̀ lé wọn! Kúrò!” Ó ṣa òkúta, ó jù ú. Ẹyẹ náà na apá, ó gbéra, ó yípo lórí páànù àwọn ilé. Nígbà tó fẹ́ bà, aṣọ náà wà lókè, ó ń dún pàà pàà. Ó lọ sókè sí i. Ó kọrí sí ọ̀nà Ọdẹ́dá, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì ń wò ó títí wọn kò fi mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń wò tàbí ojú tó ń dùn wọ́n.

“Ẹ ti pa á,” Ọ̀gbẹ́ni Theophilus wí. “Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ láti ìdájí. Kò mọ ọ̀nà.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” Sìlífátù dáhùn. Ó fún aṣọ náà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ó bá wọn. Ní gbogbo ìgbà òjò náà, Sìlífátù ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Sàlàhúdíìnì dé láti Òkè Ọya, Sìlífátù bi í bóyá ó rí ẹyẹ kankan lọ́nà. Sàlàhúdíìnì ní ẹyẹ pọ̀ lọ́nà. Kò tún bi í mọ́. Ó padà sí ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ló sì kọ́kọ́ mọ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ológun gba ìjọba, Olújìmí gun alùpùpù wọ agbo ilé náà. Èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

“Wọ́n ti dé, Ìyá Láwàlì! Wọ́n wà ní àbàtà. Wọ́n pọ̀ ju ti èṣí lọ. Ọ̀kan wà nínú wọn tó kéré díẹ̀, mi ò lè búra. Ẹ múra ká lọ, ẹ̀yin lẹ lè dá a mọ̀.”

Sìlífátù kò dìde nídìí ìkòkò. Ó ń fi igi yí aṣọ nínú aró.

“Bí mo bá lọ, tó bá jẹ́ òun ló dá mi mọ̀ ńkọ́?”

“A óò mọ̀ pé ó yè.”

“Tí ó bá wá bá mi?”

Olújìmí fa àpótí kan, ó jókòó. Ojúọlá bu omi fún un. Sìlífátù tún sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

“Àwọn obìnrin Ọdẹ́dá tí ń wọ aṣọ aró lọ sóko, ṣé wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ àbàtà náà kọjá?”

“Lójoojúmọ́.”

“Bí wọ́n bá ń kọjá, kí ni àwọn ẹyẹ náà ń ṣe?”

“Wọ́n ń fò lọ. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ àwọn rárá.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn.”

“Ó dára. Mi ò ní lọ bà á jẹ́,” Sìlífátù wí. Ó fa aṣọ náà jáde nínú ìkòkò, ó gbé e sókè kí aró kán dànù, ó ń wo bí ó ti mú aró sí.